Ọ̀pá Ọdún Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Lẹ́tà tí ẹbí náà kọ kò gùn. Wọ́n ní ọ̀pá òrìṣà bàbá àwọn wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn sì ń bọ̀ wá gbé e. Kò sí "ẹ jọ̀wọ́" nínú rẹ̀, kò sì sí ìbínú. Olórí ẹbí fọwọ́ sí i, ìyáálé ilé tẹ̀ka, àwọn ọ̀dọ́ méjì tó kàwé fọwọ́ sí ìsàlẹ̀.

Inú ìgboro Ilé-Ifẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ẹbí tàbí òrìṣà náà. Àdéhùn tí a jọ ṣe nìyẹn kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ni mò ń sọ. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, olùkọ́ kan tó fẹ́ràn ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí kó ohun àtijọ́ jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fojú rí wọn: ère, ìlù, ọpọ́n Ifá, agogo, abẹ̀bẹ̀, àpáàdì tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé hú jáde. Yàrá tó kó wọn sí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù mélòó kan àti tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà ti jáde láyé tipẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí ló pè mí pé kí n wá bá wọn tún àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ṣe, torí iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ẹnu iṣẹ́ ọ̀hún ni mo wà tí lẹ́tà fi dé.

Ọ̀pá náà kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ. Igi ni inú rẹ̀, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sára awọ, owó ẹyọ sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Awọ ti gbẹ, ó ti sán níbi méjì. Ẹni tó bá fojú ọjà wò ó lè ní kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń wá wò. Ṣùgbọ́n èyí ní ojúbọ tirẹ̀, ó ní àwọn tí yóò gbé e, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Réjísítà ni mo kọ́kọ́ gbé. Ìwé ńlá onílà ni, olùkọ́ olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ fa òpó sí i: nọ́ńbà, orúkọ nǹkan, ibi tó ti wá, oṣù àti ọdún, bí a ṣe rí i gbà. Ọ̀pá wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà, orúkọ agboolé wà, ọdún wà. Òpó tó kẹ́yìn ṣófo. Mo ṣí ewé síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìlà ló ṣófo níbẹ̀. Ṣé ó rà á ni? Ṣé wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni? Àbí wọ́n ní kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀? Ìwé kò sọ.

Ẹbí ní èsì tiwọn. Wọ́n ní ìjà oyè kan bẹ́ sílẹ̀ nínú agboolé nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sì ti ń jí ẹrù ojúbọ tà fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri. Bàbá tó jẹ́ abọrẹ̀ gbé ọ̀pá lọ bá olùkọ́, torí àna rẹ̀ ni, ó ní kó bá òun fi pamọ́ títí ilé yóò fi tòrò. Ilé tòrò, bàbá kú, àwọn ọmọ gba ìgbàgbọ́, ọdún dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀pá mọ́ àfi ìyá àgbà kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló rù ú lọ sílé olùkọ́, ọmọdé ni nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ gbé ọdún dìde padà, òun ló sọ ibi tó wà.

Ẹ̀rí ẹnu ni, mo mọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò ti gbọ́ ìtàn tí wọ́n hun kí wọ́n lè gba nǹkan lọ́wọ́ mùsíọ́ọ̀mù. Ohun tó mú mi gba ti ìyá yìí gbọ́ ni pé ó sọ nǹkan kan tí kò hàn sójú ẹnikẹ́ni: ó ní ọ̀pá bọ́ lórí òun lọ́jọ́ kan, ìdí awọ ya, wọ́n sì fi òwú dúdú rán an. Láti ọdún tí wọ́n ti gbé ọ̀pá yẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìdí rẹ̀ ló fi ń dúró. A gbé e dorí kodò. Òwú dúdú wà níbẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ènìyàn líle, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ẹyọ kan bá jáde, ṣé ìyókù kò ní tẹ̀lé e? Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Wọ́n á tà á ni."

Ní Ifẹ̀, irú ìfura bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ìlú yìí, ó kó nǹkan jọ débi tí aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kó dá díẹ̀ padà, àwọn orí alámọ̀ kan sì bá a dé Berlin síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, kan àwọn orí idẹ. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí, ra méjì, ó gbé wọn lọ. 1950 ló tó dá wọn padà. Òmíràn gba ọwọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan kọjá, ó sì dé British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ló wà di òní. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn wá ọ̀nà láti dí kíkó ohun àtijọ́ jáde, tí wọ́n sì dá ẹ̀ka tó ń bójú tó wọn sílẹ̀ ní 1943. Nítorí náà, bí ará Ifẹ̀ bá gbọ́ pé nǹkan àtijọ́ fẹ́ kúrò níbi tó wà, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ sáré lọ sí papa ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n mo bi ẹgbẹ́ náà léèrè: ta ni nínú àwọn tó kó nǹkan Ifẹ̀ lọ ló fẹ́ fi ṣọdún? Bí ààbò bá sì ni wọ́n ń sọ, kọ́kọ́rọ́ mùsíọ́ọ̀mù kò fi bẹ́ẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ ojúbọ lọ. Ní 1987, olè fọ́ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Jos, orí idẹ Ifẹ̀ kan sì wà lára ẹrù tí wọ́n kó. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ló yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣí àpótí ìyàrá ìwé pẹ̀lú.

Ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí mú ọ̀rọ̀ Ìbíní wá. Ó ní ṣebí ní 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fi òǹtẹ̀ lù ú pé Ọba Ìbíní ló ni àwọn ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin rẹ̀ ní 1897, kí ló wá dé tí ti àwọn fi le? Mo sọ fún un pé ọ̀ràn méjèèjì ò bára mu. Ogun ni wọ́n fi kó ti Ìbíní. Ọ̀pá tiwọn, bàbá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ. Tiwọn gan-an ló sì ṣòro jù lọ́nà kan. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù kò nílò láti ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kó o. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan sílẹ̀, ó di dandan kí ẹnìkan sọ ohun tó wí lọ́jọ́ náà.

Ti òfin kò gba àkókò púpọ̀. Òfin 77 ti ọdún 1979, èyí tó dá NCMM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ka iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì tún ka ohun tó níyì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti lò fún ètò ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pá náà bọ́ sínú rẹ̀ láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á bó ṣe wù ú, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ò ní kí ẹbí má gbé òrìṣà wọn bọ. A kọ̀wé sọ fún òṣìṣẹ́ àjọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kó má baà dà bí ẹni pé a fi nǹkan pamọ́. Ìlànà ìwà iṣẹ́ ti ICOM, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn mùsíọ́ọ̀mù, tí wọ́n gbé jáde ní 1986 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2004, kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún wa láti sápamọ́ sí: mùsíọ́ọ̀mù gbọdọ̀ lè fi hàn pé nǹkan di tirẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, ohun mímọ́ sì gbọdọ̀ wà ní ìtọ́jú tó bá ìgbàgbọ́ àwọn tó ni ín mu. Òpó tó ṣófo kò lè fi ẹ̀tọ́ kankan hàn.

Ibi tí ọ̀ràn dé nìyí, mo sì rò pé ó ti fẹ́ parí, nígbà tí mo rí agolo nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

Agolo Gammalin 20 ni. Ẹni tó bá dàgbà sí oko kòkó ní agbègbè Ifẹ̀ kò nílò àlàyé. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó nítorí àwọn kòkòrò tó ń mu omi ara igi ni, kí wọ́n tó fòfin dè é. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni lindane. Àwọn kan da á sódò láti fi pa ẹja, àwọn tó jẹ ẹja ọ̀hún sì fara gbá a. Mo wá ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì nílé-ẹ̀kọ́ náà láyé ijọ́un, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni olùkọ́ máa ń po Gammalin mọ́ kẹrosíìnì, tí òun á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára gbogbo ohun onígi àti aláwọ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Nígbà tí kò bá sí Gammalin, wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú DDT, oògùn apakòkòrò mìíràn, sí i. Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, torí lóòótọ́ kòkòrò ò jẹ wọ́n. Láyé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá lágbàáyé ń ṣe, àwọn míì tiẹ̀ ń lo arsenic, májèlé líle. Mo tún ọ̀pá wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: àwọn nǹkan funfun tó ń dán wínníwínní tí mo ti kà sí ẹfun wà láàrin ìlẹ̀kẹ̀. DDT máa ń yọ síta bẹ́ẹ̀ lára ohun tó ti pẹ́.

Ẹ wá rántí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá náà. Abọrẹ̀ á jẹ obì, á fi ọtí sí i, á fẹ́ ẹ sára ọ̀pá, á fẹnu kàn án. Ọmọdébìnrin kan á rù ú nínú oòrùn, òógùn á máa ṣàn láti orí rẹ̀ bọ́ sójú. Lindane ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba ẹnu wọlé, iṣan ọpọlọ ló sì ń bá jà. Ó lè mú gìrì dání, ọmọdé ló sì ń tètè mú. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣe òfin ọdún 1990 pé kí àwọn mùsíọ́ọ̀mù dá ohun mímọ́ padà fún àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ wọn, àwọn Hopi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, rí i pé arsenic wà lára ohun mímọ́ tí wọ́n gbà padà, èyí tí wọ́n ń gbé wọ̀. Ìlànà tó tẹ̀lé òfin náà ló ní kí mùsíọ́ọ̀mù sọ gbogbo oògùn tó bá mọ̀ pé ó ti kan nǹkan kó tó dá a padà.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ pe bàjẹ́. Ọ̀fíìsì ọ̀gá ni wọ́n pe ẹbí sí, ọ̀rọ̀ oògùn ló sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Olórí ẹbí fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ṣé. Ìgbà tí ọ̀pá wà lọ́dọ̀ yín, kò pa yín. Ìgbà tí a fẹ́ gbà á, ó di májèlé." Ó dìde, àwọn tó kù tẹ̀lé e. N kò lè bá a wí. Kò sí ẹni tó máa gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣì di ẹrù rẹ̀ mú, tí kò tíì sọ ta ló ni ín.

Ìmọ̀ràn tí mo gba ọ̀gá kò ju ọ̀kan lọ: kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ẹbí ló ni ọ̀pá. Kó fọwọ́ sí i láìso ọ̀rọ̀ oògùn mọ́ ọn, láìsọ ibi tí ọ̀pá yóò máa gbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká tó lọ sọ ohun tí a rí fún ẹni tó ni nǹkan. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbà, torí ó ní láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i tipátipá.

Agboolé ni a gbé ìpàdé kejì lọ. A fún wọn ní ìwé tí a fọwọ́ sí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ kà á sókè, ó túmọ̀ rẹ̀, ìyá àgbà sì ní kó tún un kà. Ẹ̀yìn èyí ni bàbá òṣìṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n mọ̀ dáadáa ládùúgbò, gbé agolo kalẹ̀ nínú ọ̀rá. Olórí ẹbí wò ó. Ó ti fọ́n kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Gammalin rèé."

"Òun ni, Bàbá."

"Sára òrìṣà?"

"Èmi ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ẹ má bínú. A rò pé à ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Kò sí àlàyé kankan láti ẹnu mi tó lè ṣe ohun tí ìbéèrè àti èsì yẹn ṣe. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ló yíjú sáwọn ọmọ, ó sì sọ ohun tí Gammalin ṣe fún ẹnìkan tó mọ̀ ní oko. Wọ́n wá bi mí bóyá ó ṣe é fọ̀ kúrò. Mo ní kò ṣe é fọ̀: omi á ba awọ jẹ́, oògùn náà sì ti wọ inú igi. Ṣé a lè mọ bó ṣe pọ̀ tó? Onímọ̀ kẹ́míkà kan ti ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán yẹ nǹkan wò lè rí arsenic àti mákúrì kíákíá láìha ọ̀pá lára, àmọ́ lindane àti DDT gba kí wọ́n fi òwú nu díẹ̀ lára rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù tó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Owó ni, àkókò ni, ọdún sì ti dé tán.

Àwọn àgbà wọlé lọ jíròrò, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ìpinnu wọn ni pé kí wọ́n gbẹ́ ọ̀pá tuntun tí abọrẹ̀ yóò máa fẹ́ obì sí, kí wọ́n ṣe ètò rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ti àtijọ́ sì bá a jáde kí àwọn baba ńlá lè rí i. Mo ní kí ẹni tó bá gbé e lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wọ́n ní rárá, àwọn ò ní fi ìbọ̀wọ́ dókítà gbé òrìṣà láàrin ìlú. Àlà ni wọ́n máa ń fi gbé nǹkan mímọ́ tẹ́lẹ̀, a wá fẹnu kò pé kí ọ̀rá nínípọn yí ọ̀pá ká nínú, kí àlà wà lóde, kí àgbàlagbà gbé e dípò ọmọdé, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà kò fara mọ́ ọn. Ó ní òun fi orí ru ọ̀pá yìí rí, oògùn kòkó ò sì lágbára lórí òrìṣà. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ó jókòó sílé lọ́jọ́ ọdún.

Ìwé àdéhùn tí a kọ kò gùn, àmọ́ gbogbo ohun tí òpó olùkọ́ kò sọ ló wà níbẹ̀. Ẹbí ló ni ọ̀pá. Ilé-ẹ̀kọ́ ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi ní ibi tó dára ní agboolé, ìgbà tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n lè gbé e. Ènìyàn méjì ni yóò fọwọ́ sí i kó tó jáde, olórí ẹbí àti ẹnìkan láti ìdí ìyá, kí ìjà oyè míì má baà sọ ọ́ dọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn ní ọ̀pá náà, fọ́tò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde láìgba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ Gammalin wà nínú ìwé náà ní èdè Yorùbá kedere. A ya fọ́tò rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a wọn gíga rẹ̀, a ka owó ẹyọ, a kọ ibi tí awọ ti sán, a sì kọ òwú dúdú náà, torí irú àmì bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá fi ń dá nǹkan mọ̀ bí wọ́n bá jí i. Ẹ̀dà kan wà nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹbí, a fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ àjọ.

Ọdún lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọ̀pá padà dé, mo ka owó ẹyọ, ọ̀kan dín. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́ tó gbé e wá ti tú etí aṣọ rẹ̀: owó ẹyọ náà wà níbẹ̀, ó já nígbà tí wọ́n ń yí ìta kan. Wọ́n fẹ́ kí n so ó padà lójú ẹsẹ̀. Mo fi sínú ọ̀rá kékeré, mo kọ nọ́ńbà ọ̀pá sí i lára, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn tuntun lórí awọ gbígbẹ á tún fa òmíràn já.

Ó ku àwọn ìlà yòókù nínú réjísítà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé òun lẹ̀rù ń bà jù tẹ́lẹ̀, ló wá fẹ́ kí a kọ̀wé sí gbogbo agboolé tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kó tó di pé lẹ́tà tiwọn ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣì ń ta kò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó dá iṣẹ́ dúró báyìí ni owó àyẹ̀wò láàbù, torí kò sí ohun onígi tàbí aláwọ kan nínú yàrá yẹn tí búrọ́ọ̀ṣì ò kàn. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹbí ló ni ọ̀pá, kí ẹbí san tirẹ̀. Olórí ẹbí rán ọmọ padà pẹ̀lú èsì lọ́jọ́ kejì: ẹni tó ra Gammalin ni kó sanwó. Ìgbìmọ̀ ò tíì fèsì.